Ìwé Ìṣísẹ̀ Àmúdàtù

Òwe kan wà tí gbogbo ayé fi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àmúdàtù kì í bá wọn rín in. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Amúkùn-ún ní, "Òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀." Ọmọ ọdún méje ni Àmúdàtù nígbà tó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ṣẹ́. Oníṣẹ́ egungun dì í, ó jinná, àmọ́ ó kúrú ju ọ̀tún lọ ní ìwọ̀n ìka kan. Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọmọdé a pa á sókè, àgbà a gbé e mì, ṣùgbọ́n ojú àgbà kì í lè gbé e mì tán.

Ó dàgbà, ó lẹ́wà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń bá ìyá rẹ̀ Hàwáwù ta mílíìkì, ṣúgà àti sadíìnì ní Òkè Àrin. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yẹ̀kínì ti wá fẹ́ ẹ rí. Fọ́tò rẹ̀ ló rí tó fi wá, nínú fọ́tò náà sì rèé, ó jókòó ni. Ọjọ́ tó wá kí wọn nílé, omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Àmúdàtù rìn wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Yẹ̀kínì kò mu omi náà tán. Kò padà wá mọ́. Ìlàjì kọ́ọ̀pù omi tó kù lórí tábìlì ni Àmúdàtù dà nù fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti pinnu pé ọkùnrin kankan kò ní í rí òun lórí ìrìn mọ́.

Ní ọdún Udójì, tí ìjọba fi owó kún owó oṣù, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ìkóríta Òkè Àrin. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń wọ̀, aago àfọwọ́tẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Bí àwọn aláàárù àti àwọn obìnrin ọlọ́jà bá ń ru ẹrù kọjá, a tẹ aago, a wo ẹsẹ̀ wọn, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ojora mú ọjà. Wọ́n ní ará píráìsì kọ́ńtíróò tí ìjọba fi ń ṣọ́ iye owó ọjà ni, pé mílíìkì tí wọ́n kó pamọ́ ló ń wá. Nígbà tó wá dorí kọ ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ kan, Hàwáwù fa ẹní bo páálí mílíìkì, ó sì ní kí Àmúdàtù jókòó lé e.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ ní mílíìkì?"

"Kò sí mílíìkì."

"Kí wá ni àǹtí yẹn jókòó lé?"

"Ìjókòó ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mà, èmi kì í ṣe ará píráìsì kọ́ńtíróò. Ṣéhù ni orúkọ mi, injiníà ni mí, mo ń kọ́ni ní yunifásítì l'Akọkà. Ìṣísẹ̀ ni mò ń kà. Mo fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń ru ẹrù tí ẹrù kì í fi í já bọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Hàwáwù wí. "Kí ẹ tó kàwé dé ibẹ̀ la ti ń rù ú."

Ó ra ṣúgà, ó lọ. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ṣúgà náà ni. Ó di oṣù kan, Hàwáwù bi í pé, "Injiníà, ṣé èèrà lẹ̀ ń sìn nílé ni?" Ní gbogbo ìgbà yìí, Àmúdàtù kò dìde lórí páálí lẹ́ẹ̀kan. Bí oníbàárà bá bèèrè ohun tó wà lókè àgbékọ́, a ní kí ìyá òun bá òun mú un. Ó ń gbádùn ohùn ọkùnrin náà, ó sì ń gbàdúrà kó tètè lọ.

*

Bí ìfẹ́ bá wọlé, kì í bèèrè àga. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pàdé ní Marínà lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìrun Aláásárì, lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí omi. Ọgbọ́n tí Àmúdàtù dá ni pé a ṣáájú dé ní ìdajì wákàtí, a ti jókòó, a ti tẹ́ ìró rẹ̀ bo ẹsẹ̀. Bí ìgbà ìlọ bá tó, a ní, "Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Ṣéhù, atẹ́gùn yìí kò tíì tó mi." Ṣéhù a lọ. Kò fìgbà kan jiyàn, èyí pàápàá sì ń kọ Àmúdàtù lóminú.

"Kí lẹ kọ́ gan-an?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Irin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ní ìlú òyìnbó, mò ń tẹ irin sọ́tùn-ún, mò ń tẹ̀ ẹ́ sósì, títí yóò fi ṣẹ́. Àárẹ̀ máa ń mú irin, o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kì í pariwo. Ojú rẹ̀ á máa dán, àmọ́ ibì kan á ti sán lábẹ́ bí irun orí. Ibẹ̀ ni yóò ti já lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí."

Àmúdàtù fa ìró rẹ̀ wálẹ̀ sí i. "Lẹ́yìn irin ńkọ́?"

"Mo bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe apá onírin. Ẹ̀rọ tí yóò gbé ẹyin láti ibí lọ sí ọ̀hún láìsí ọwọ́ ènìyàn. Oṣù mẹ́fà la fi jẹ ẹyin tó fọ́. Nígbà tó wá mọ̀ ọ́n gbé tán, ọ̀gá wa ki pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ abẹ́ ìdí rẹ̀ lápá kan. Ó tán. Kò mọ ọ̀nà ẹyin mọ́." Ó wo ojú omi. "Ọjọ́ yẹn ni mo rántí ìyá mi àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Èbúté Èrò, lórí pákó tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. Pákó ń mì, igbá gàrí kò mì. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń lọ sílé. Bí egungun àti iṣan ṣe ń ṣe é ni mo wá ń kọ́ báyìí."

"Nínú gbogbo obìnrin Òkè Àrin, kí lẹ wá rí lára mi?"

Ṣéhù ti ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú báàgì. "Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀," ló wí.

Àmúdàtù kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ gùn lẹ́nu rẹ̀, ó ní ohun tó ń yí ká.

*

Nígbà tí Ṣéhù ní òun fẹ́ mú àwọn ará ilé òun wá, Àǹtí Afusat, àbúrò bàbá Àmúdàtù, ló di alárinà. Afusat kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀ nípa ẹsẹ̀ yẹn?"

"Kò mọ̀, mà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì rí mi rí."

"Ó dáa. Ẹni tó ń ta aṣọ kì í kọ́kọ́ na ibi tó ya sí oníbàárà lójú."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ oníbàtà kan ní Ìdúmọ̀tà. Ọkùnrin náà wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì rán bàtà kan tí abẹ́ tòsì fi ìwọ̀n ìka kan nípọn ju tọ̀tún lọ. Ìró tó gùn dé ilẹ̀ ni yóò bò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Àmúdàtù fi ń kọ́ ìrìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ ọdún kan. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ìdí ń dùn ún.

"Àǹtí, bó bá wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́?"

"O ti di tirẹ̀ nígbà yẹn. Ta ló ń dá ọjà padà lẹ́yìn tó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì?"

Àmúdàtù rántí ìlàjì kọ́ọ̀pù omi.

Ọjọ́ pé. Alhaji Rájí, bàbá rẹ̀, jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tuntun. Akọ̀wé ni ní èbúté ọkọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣéhù wá pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀ kan àti Sàdíátù ìyá rẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ti ń ta gàrí ní Èbúté Èrò láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ṣéhù. Inú rẹ̀ kò tíì yọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń sọ ọ́ nílé pé ọmọ Èkó mọ ojú fọ̀ ju ìkòkò lọ.

"A ti rí ilé," ni Sàdíátù wí, "a dúpẹ́. Ọmọ dà?"

Àmúdàtù wọlé. Páànù ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́fà ló gbé lọ́wọ́. Ó rìn gún, ó rìn dọ́gba, Afusat sì ń mi orí fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ku ìṣísẹ̀ bíi márùn-ún kó dé ibi tábìlì nígbà tí àwọn ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. Gìn, gìn, gìn. Láti kékeré, ẹrù kò mì lọ́wọ́ Àmúdàtù rí. Ó di páànù mú le, ìgò túbọ̀ ń ké.

Ṣéhù ta dìde. "Àmúdàtù, kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ? Ìrìn rẹ kọ́ nìyí."

Ìgò kan bọ́, ó fọ́.

Sàdíátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irú ìrìn wo ló ń rìn tẹ́lẹ̀?"

Ṣéhù wo ojú Àmúdàtù, ìgbà yẹn ló tó yé e pé ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu òun. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, ọkùnrin tó sì ti rí ẹyin tó fọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó mọ̀. Àmọ́ kò mọ irọ́ pa. "Ó ń tiro díẹ̀, mà. Ẹsẹ̀ òsì. Mo ti mọ̀ kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò tàn mí." Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ó ṣe èyí tó burú jù: ó fa ìwé yọ nínú báàgì. "Ó wà níbí."

Alhaji Rájí na ọwọ́, ó gbà á. Ó wọ awò rẹ̀, ó ṣí ìwé náà síbi tí ìlà pupa wà, ó ń ka òyìnbó rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún pálọ̀. "Obìnrin kẹtàdínlógún. Ẹsẹ̀ òsì kúrú. Ìdí wọ́ sí òsì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo wò ó." Ó pa ìwé dé, ó dá a padà fún un. "Injiníà, màlúù ni mo mọ̀ tí wọ́n ń fi nọ́ńbà sí lára."

"Ṣéhù," ni ìyá rẹ̀ wí, "jẹ́ ká lọ. Wọ́n fẹ́ fi bàtà tàn wá jẹ nínú ilé yìí."

Àmúdàtù bọ́ bàtà náà níbi tó dúró sí. Ó tiro la àárín wọn kọjá, kò sí ẹni tó wo ibòmíràn.

*

Oṣù méjì kọjá. Bí Ṣéhù bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, Hàwáwù a ní, "Kò sí ṣúgà." Ṣéhù a dúró díẹ̀ ní òdìkejì títì, láìmú aago, láìmú ìwé, a sì lọ. Ohun tó ń jẹ Àmúdàtù lọ́kàn kì í ṣe ìtìjú pálọ̀ nìkan. Gbogbo ìdajì wákàtí tó fi ń ṣáájú dé Marínà, ọkùnrin náà mọ̀. Ó mọ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń bá a ṣe eré náà lọ. Ìbéèrè kan sì há sí i lọ́fun bí egungun ẹja: bí ẹsẹ̀ òun bá gún, ṣé ì bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn rárá?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sàdíátù dá wá. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un níjòókòó.

"Bọ́ bàtà rẹ. Gbé páálí mílíìkì kan, rìn dé ìkóríta, kó o padà."

Inú bí Àmúdàtù. "Ẹ̀yin náà fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ni, mà?"

"Èmi ò mọ̀wé. Ojú ni mo ní."

Kò mọ ohun tó gbé e dìde. Ó gbé páálí lé orí, ó yọwọ́, ó rìn. Láàárín ọjà, ní ọ̀sán gangan. Ìdí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń dìde, àwọn kan ń wò. Nígbà tó padà dé, Sàdíátù sọ páálí náà kalẹ̀ fún un.

"Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ̀ lórí pákó," ló wí. "Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gún ni omi máa ń gbé, torí wọn kì í wolẹ̀. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ kò bà mí nínú jẹ́. Bàtà yẹn ni. Ṣéhù ní òun fẹ́ wá bẹ bàbá rẹ. Kí n tẹ̀ lé e, àbí kí n jókòó sílé mi?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ rí i, mà."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Ṣéhù ló kọ́kọ́ dé Marínà. Àmúdàtù rí i lórí bẹ́ǹṣì láti òkèèrè. Ó rìn lọ bá a, ọ̀nà náà gùn ju Èkó sí Ìbàdàn lọ. Kò yára.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rí i pé o ò fẹ́ kí n mọ̀."

"Kí lẹ kọ́kọ́ rí? Ẹsẹ̀?"

"Ẹrù. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ti kọjá, ẹrù gbogbo wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Tìrẹ kò mì. Mo wá wo ìsàlẹ̀ kí n mọ irú ẹsẹ̀ tó gbé e. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́. Àmúdàtù, mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mọ́kànlá. Irọ́ ni. Ohun tí apá onírin wa kò lè ṣe, ara rẹ kọ́ ọ fúnra rẹ̀."

"Bí ẹsẹ̀ mi bá gún ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá wá?"

Ṣéhù kọjú sí omi. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá. "N kò mọ̀," ló wí.

Ó dùn ún. Síbẹ̀, àdídùn tó jẹ́ irọ́ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, ó mọ bó ṣe ń dun ẹ̀yìn. "Ìwé náà ńkọ́?"

"Àwọn òyìnbó ti gbà láti tẹ iṣẹ́ náà. Mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ọdún méjì ni."

Kò béèrè bóyá kí òun fi ránṣẹ́. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Àmúdàtù wò ó, ó rí i pé ọkùnrin dáadáa ni, ó sì rí ibi tó ti sán lábẹ́.

"Kí wọ́n wá," ló wí. "Àmọ́ èmi ni màá sọ ohun tí ẹ máa fún mi ní sàdáàkì."

*

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n so yìgì. Alhaji Rájí ti dárí ji Ṣéhù, tìlọ́ra-tìlọ́ra. Lèmọ́mù jókòó sáàárín, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ títa, Àmúdàtù láàárín wọn. Lèmọ́mù bi í bó bá gbà. Ó ní òun gbà. Lèmọ́mù tún bi í pé kí ni sàdáàkì rẹ̀.

"Ìwé ìṣísẹ̀," ni Àmúdàtù wí. "Gbogbo rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan."

Afusat gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wúrà ńkọ́, ìwọ ọmọ yìí?"

"Ẹ jẹ́ ó sọ ohun tó fẹ́," ni lèmọ́mù wí. "Ṣùgbọ́n kó yé ọkọ o. Ohun tó bá ti di sàdáàkì, ti obìnrin ni. Bàbá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọkọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àfi bó bá yọ̀ǹda."

Láti ẹ̀yìn aṣọ, Àmúdàtù kò rí ojú Ṣéhù. Fáànù ń yí. Ẹnì kan wúkọ́. Àmúdàtù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá, bí ẹni tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ogún. Ó ka ogójì. Bó bá kọ̀, òun á tún da omi mìíràn nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n gbàgbé ẹ̀, kí wọ́n mú wúrà wá.

"Ṣéhù," ni ohùn Sàdíátù wí, "àwọn ènìyàn ń dúró."

"Mo fẹ́ bi í ní nǹkan kan. Bí mo bá nílò ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó bèèrè," ni Àmúdàtù wí láti ẹ̀yìn aṣọ.

Ó gbọ́ tí wọ́n ṣí báàgì. Ọwọ́ lèmọ́mù kọjá lábẹ́ aṣọ, ìwé náà sì bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

Ilé oníyàrá méjì tí Ṣéhù háyà ní Ọbáléńdé ni wọ́n mú un lọ. Ó ti ìwé sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, láti àárọ̀, ó ń retí ìbéèrè náà bí ẹni ń retí òjò. Bó bá bèèrè lónìí, á jẹ́ pé nítorí òyìnbó ló ṣe gbé e sílẹ̀ lánàá, pé ọgbọ́n ni. Ṣéhù jẹun. Ó lọ kírun, ó dé. Ó tún iná rédíò ṣe. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tì. Kò bèèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àmúdàtù kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ ti kọjá."

"Kí ló dé tí ẹ ò bèèrè?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kó o má lọ rò pé nítorí kí n lè bèèrè ni mo ṣe gbé e fún ọ."

Ó rò ó. "Ṣé wọn ò ní í gba òmíràn?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ bèèrè nísinsìnyí, ká gbọ́."

Ṣéhù gbé kọ́ọ̀pù tíì kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ wo ìwé yín."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Obìnrin kẹtàdínlógún."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. "Àmúdàtù, ọmọ Rájí. Ẹ yá mi ní bírò, orúkọ ni màá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀."

Àmúdàtù dìde lórí àga. Ẹsẹ̀ lásán ni, ìró tó ń ró nílé ni, kò sì gùn dé ilẹ̀. Láti orí àga dé ibi àpótí tí ìwé wà, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ó mọ̀ pé ojú Ṣéhù wà lẹ́yìn òun. Ó mú un jẹ́jẹ́, kò yára, títí tó fi dé ibẹ̀.